Ta Ló Mú Aṣọ Wá?

Gbogbo ẹni tó bá ti pẹ́ nínú ìjọ ló mọ ìtàn ọkùnrin ará Gádárà tí ẹ̀mí àìmọ́ ń dà láàmú, ẹni tó fi ibojì ṣe ilé, tó ń ké tọ̀sán-tòru, tó ń fi òkúta ya ara rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é, ó já a. Ìwàásù tí mo ti gbọ́ lórí rẹ̀ ní Ìkòròdú níbí kò lóǹkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń parí síbi tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ti rọ́ wọ inú òkun, tí gbogbo ìjọ á sì pariwo "Halelúyà!" Ibi tí èmi fẹ́ràn jù wà lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn ará ìlú dé, wọ́n bá ọkùnrin náà, ó jókòó, ó wọṣọ, iyè rẹ̀ sì ti bọ̀ sípò. Bẹ́ẹ̀ Lúùkù ti kọ́kọ́ sọ fún wa pé ó ti pẹ́ tí ọkùnrin yìí kò ti wọṣọ. Níbo wá ni aṣọ ti wá? Wọn kì í tajà láàárín ibojì. Ẹnì kan ló bọ́ èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀, tàbí kó tú ẹrù rẹ̀, tó fi bo ọkùnrin náà níhòòhò. Bíbélì ò dárúkọ onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n mo mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀, torí wọ́n mú aṣọ wá fún èmi náà.

Ọpọlọ mi dàrú nígbà kan. Mò ń sọ ọ́ gbangba nítorí àwọn obìnrin tí irú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn, àti nítorí àwọn ọkọ wọn tí wọn ò mọ ibi tí wọn ó gbé ọ̀rọ̀ náà gbà. Ìgbógbo là ń gbé nígbà yẹn, bàbá àwọn ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Odógunyàn. Mo bí ọmọ wa kejì wẹ́rẹ́, a sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, a jẹ, a mu. Kí ìsọmọlórúkọ náà tó parí ni oorun ti dá lójú mi. Kì í ṣe pé ọmọ ń sunkún o. Ọmọ ń sùn dáadáa, èmi ni mo lajú sílẹ̀ kalẹ̀, kò sì rẹ̀ mí rárá. Mò ń fọ aṣọ ìkókó láàárín òru, mò ń sá a, mò ń ká a, mo tún ń rì í bọ omi. Ọ̀rọ̀ ń yára lẹ́nu mi débi pé àwọn ará ilé ò lè tẹ̀lé e mọ́. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ akọrin láti inú táǹkì omi ẹ̀yìnkùlé wa, wọ́n ń ki orúkọ mi bọ inú orin. Lọ́jọ́ kan mo yẹ etí ọmọ wò, mo ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ mi, etí tó gbé wáyé kọ́ nìyí. Ìyá ọkọ mi rọra gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi, kò sì jẹ́ kí ó dá wà lọ́dọ̀ mi mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá yẹn títí dòní.

Abísínwín ni. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n tipẹ́, wọ́n sì fún un lórúkọ. Nínú 1,000 obìnrin tó bá bímọ, ọ̀kan tàbí méjì ló máa ń bá, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkúnlẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹkún àti ọkàn ríro tó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ abiyamọ fún ọjọ́ mélòó kan, tó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Kì í sì í ṣe ìbànújẹ́ ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó máa ń mú ìyá ọmọ fún oṣù mélòó kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà nílò ìtọ́jú. Èyí máa ń dé lójijì, ó sì léwu fún ìyá àti ọmọ. Lẹ́yìn ìbímọ, àwọn èròjà kan tó ti pọ̀ lára aláboyún máa ń já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àìsùn á tún gun un. Ẹni tó bá ti ní irú àìsàn ọpọlọ tó ń gbéni sókè sódò rí, tàbí tí ó wà nínú ẹbí rẹ̀, ewu rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. Ohun tó yẹ kí gbogbo ọkọ mọ̀ ni pé ó gbóògùn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe ló sì ń padà bọ̀ sípò.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ronú oògùn nígbà tí ìyàwó ilé bá ń bá táǹkì omi sọ̀rọ̀? Ẹbí pé jọ. Ẹnì kan ní ayé ni. Ẹlòmíì ní obìnrin kan tó gbé ìkókó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tó sì wò ó pẹ́, òun ló wà nídìí ẹ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé àdúrà kan tí mi ò ní dárúkọ. Díẹ̀ ni mo rántí fúnra mi. Ìyókù, bàbá àwọn ọmọ mi ló sọ fún mi lẹ́yìn tí ara mi yá. Wọ́n fi ṣéènì so ọrùn ẹsẹ̀ mi mọ́ irin fèrèsé. Wọ́n ní kí n gba ààwẹ̀ gbígbẹ títí di ìrọ̀lẹ́, èmi abiyamọ tí wàrà ṣì ń ro láyà. Tó bá di alẹ́, ìṣọ́ òru, agogo, àtẹ́wọ́, omi àdúrà lójú. Àwọn tó ń ṣe é ò kórìíra mi. Wọ́n ń sunkún bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà fún mi. Àmọ́ nǹkan méjì tí ọpọlọ mi ń tọrọ, oúnjẹ àti oorun, òun gan-an ni wọ́n fi dù mí.

Èmi nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Lọ́dún 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí àwọn tí wọ́n ń dè mọ́lẹ̀ báyìí káàkiri Nàìjíríà, nílé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, nílé àwọn Kristẹni, nílé àwọn Mùsùlùmí, àti láwọn ibùdó ìjọba pàápàá. Kálukú ló ń ṣe é ní orúkọ ìwòsàn.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ àbùkù sí àdúrà ìwòsàn láéláé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá tó bí ìyá mi, inú ìjọ aládùúrà ló dàgbà sí, omi àti àdúrà ló fi tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ mọ ibi tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti wá tí ìtàn náà ò ní gbé mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ ìnfúlúẹ́ńsà ń pa èèyàn ní gbogbo ayé. Nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's níbẹ̀, àwọn kan kóra jọ láti gbàdúrà, Joseph Shadare wà níwájú wọn, tíṣà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sophia Odunlami sì ń kéde pé kí wọ́n fi oògùn sílẹ̀, kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, kí wọ́n lo omi òjò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bá ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà da ọ̀rọ̀ pọ̀, àwọn náà tí wọn ò fara mọ́ oògùn rárá. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yẹn ti tàn kálẹ̀ láàárín wa.

Ẹ wò ó dáadáa. Lọ́dún 1918, kò sí oògùn kankan lọ́wọ́ dókítà tó lè wo ìnfúlúẹ́ńsà yẹn, ní Ìjẹ̀bú tàbí nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà náà, ẹni tó ní "ẹ fi oògùn sílẹ̀" kò gba ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń fún àwọn tí ìrètí wọn ti pin ní ibi tí wọ́n lè kóra jọ sí. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn bàbá àti ìyá wọ̀nyẹn. Àmọ́ oògùn abísínwín wà lónìí. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ọdún 1918 dá obìnrin dúró lọ́nà ilé ìwòsàn lóde òní ń gba ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ ìkókó sì wà nílé tó ń dúró dè é.

Ìyá Ìjọ wa ló gbọ́. Ẹja yíyan ló ń tà, obìnrin tó sanra, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó mú àwọn ìyá méjì dání, wọ́n dé ilé àdúrà náà lọ́sàn-án gangan. Aṣọ tí mo wọ débẹ̀, mo ti fà á ya. Ìlàjì aṣọ kan ni wọ́n so mọ́ mi nídìí. Bàbá àwọn ọmọ mi ní òun rò pé wọn á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ gbàdúrà. Ìyá Ìjọ ò kúnlẹ̀. Omi ló ní kí wọ́n bu wá. Ó jókòó nílẹ̀ tì mí, ó fi tówẹ̀lì nu wàrà tó ti gbẹ mọ́ mi láyà, ó nu ọrùn mi, ó nu abẹ́ apá mi, ó ń kọrin sínú. Lẹ́yìn náà ló ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ ìró àdìrẹ kan àti bùbá rẹ̀ jáde, aṣọ tirẹ̀ gan-an.

"Ìyá Ìkókó," ó ní, "gbé apá sókè, jẹ́ ká wọṣọ."

Èyí, mo rántí rẹ̀ fúnra mi. Mo rántí pé mo gbé apá mi sókè. Bùbá náà fẹ̀ jù mí lọ, òórùn ẹja yíyan ń ti inú rẹ̀ jáde, ó sì jọ mí lójú pé láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá èmi sọ̀rọ̀. Gbogbo àwọn yòókù, ohun tó wà nínú mi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Wòlíì jáde sí wọn. "Ìyá, ẹ ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ Ọlọ́run parí?"

"Ẹ ṣeun, sà, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n à ń mú ọmọ wa lọ sí Yábàá. Iṣẹ́ Ọlọ́run á bá a débẹ̀. Ẹ máa bá wa gbàdúrà lọ."

Wọn ò bá a jà. Wọ́n ní kí ó tú ṣéènì, ó sì tú u. Bọ́ọ̀sì ọmọ ìjọ wa kan ló gbé wa. Ìyá Ìjọ wà lápá ọ̀tún mi, ìkejì wà lápá òsì, a gba Máìlì 12, Kétu, Òjótà, Maryland, gbogbo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà yẹn, wọn ò sì yéé di ọwọ́ mi mú.

Láti ọdún 1907 ni ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá ti wà. Dókítà tó rí mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ó béèrè ọjọ́ tí mo bí, ìgbà tí mo sùn gbẹ̀yìn, bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí, bóyá mo ti sọ ohun tó jọ pé mo fẹ́ ṣe ọmọ tàbí ara mi léṣe. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, torí ibà tàbí ìdọ̀tí inú ilé ọmọ náà lè mú kí abiyamọ máa sọ̀sọkúsọ. Lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́. Mo sùn. Oorun yẹn, bí ẹni pé wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí mi lójú ọ̀nà jíjìn ni.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé oògùn náà dùn. Ọrùn mi gan, itọ́ ń dà lẹ́nu mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n tí mo bá fẹ́ bu ẹ̀kọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti máa ń sọ pé "wọ́n ti fún un ní nǹkan tó ń sọ ọ́ di ọ̀dẹ̀," tí wọ́n á sì kó oògùn dànù. Ẹ má dà á nù. Ẹ sọ fún dókítà. Oògùn mìíràn wà tó ń tú ìgan náà, wọ́n sì lè dín èyí tí wọ́n fún un kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n bá mi pààrọ̀ rẹ̀, ara mi sì tú.

Nígbà tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé ni iṣẹ́ ìjọ gan-an bẹ̀rẹ̀, òun sì ni mo fẹ́ kí àwọn pásítọ̀ wa rò dáadáa. Dókítà lè mú kí ohùn inú táǹkì dákẹ́. Kò lè bá mi gbé ọmọ lóru. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn pín ara wọn. Ẹnì kan ń wá láàárọ̀ kí ó rí i pé mo gbé oògùn mì; kò mọ̀wé, àwọ̀ ló fi ń dá wọn mọ̀, "funfun láàárọ̀, àwọ̀ ewéko lálẹ́," kò sì ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ẹnì kan ń sùn ti ìkókó kí èmi lè sùn. Ẹnì kan ń sin ọmọ mi àgbà lọ sílé ìwé. Owó ọkọ̀ ọjọ́ tí mo bá ń padà lọ rí dókítà, inú àpò ẹgbẹ́ obìnrin ló ti ń wá. Tí wọ́n bá wá, wọn kì í wádìí bóyá mo tún gbọ́ ohùn. Owó ata la máa ń sọ, àti ọmọ ta ló ń ṣègbéyàwó. Àdúrà wọn kì í gùn. Nígbà tí mo padà sí ṣóòbù mi ní Sábọ̀, tí àwọn oníbàárà kan ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láìwo ẹ̀gbẹ́, àwọn ìyá ìjọ ló ń wá ra ọṣẹ àti ìyọ̀ tí wọn ò nílò.

Thomas Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta, ti mọ èyí láti ọdún 1954 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta. Kò kó gbogbo aláìsàn sí àhámọ́. Ó fi wọ́n sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, ó ní kí ará ilé aláìsàn bá a wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó máa tọ́jú rẹ̀, kí aláìsàn wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, kí ó sì padà sáàárín èèyàn. Àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè pàápàá kọ́ ọgbọ́n yìí lọ́dọ̀ wa. Ohun tí Lambo lọ ń wá ní abúlé, ó wà ní gbogbo ìjọ tó wà láti Agbọwá títí dé Ògólóńtò. Àwọn èèyàn wà. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìjọ ń du iṣẹ́ dókítà mọ́ dókítà lọ́wọ́, wọ́n sì fi iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ láìṣe.

Wọ́n á ní, ìgbàgbọ́ aláìsàn náà ńkọ́? Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ní gbogbo ìgbà yẹn, mi ò lè gbàdúrà. Tí mo bá ṣí Bíbélì, àwọn lẹ́tà kàn ń wò mí ni. Ẹnì kan sọ fún mi pé ká ní ìgbàgbọ́ mi tó, kò yẹ kó pẹ́ tó báyìí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ṣéènì lọ. Pásítọ̀ wa ló kà á sí mi létí, ìtàn ẹlẹ́gbà tí wọ́n gba orí òrùlé sọ̀ kalẹ̀ síwájú Jésù. Máàkù sọ pé ìgbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ *wọn* ló dá ọkùnrin náà lóhùn. Ìgbàgbọ́ àwọn tó gbé ibùsùn ni. Ẹlẹ́gbà náà ò sọ nǹkan kan nínú gbogbo ìtàn yẹn. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ èyí, mo sunkún tó wúlò, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti bímọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Èlíjà. Ó sá lọ sí aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Wòlíì ńlá! Áńgẹ́lì dé, kò bá a wí, kò ní kí ó gbààwẹ̀. Àkàrà gbígbóná àti omi ló gbé kalẹ̀. Èlíjà jẹun, ó sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó tún fún un lóúnjẹ, ó ní ọ̀nà náà jìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ilé àdúrà, mo fi orúkọ Jésù bẹ̀ yín, ẹ ka ibẹ̀ kí ẹ tó fi ebi pa abiyamọ.

Mo jẹ́rìí níwájú ìjọ, mo fẹ́ jẹ́ ẹ, Ọlọ́run ṣe é fún mi. Kí n tó gorí pẹpẹ, arákùnrin kan ti ń sọ fún mi pé kí n fi kún un pé mo ti fi oògùn sílẹ̀, kí ògo lè jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan. Mo mọ bí irú ẹ̀rí yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́: ẹni tó jókòó lẹ́yìn, tí oògùn tirẹ̀ wà nínú báàgì, á délé, á dà á nù, àìsàn á sì padà. Nítorí náà mo gbé oògùn mi dání dé orí pẹpẹ. Pásítọ̀ gba gbohùngbohùn, ó sọ pé nínú ìjọ òun, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi oògùn ọpọlọ sílẹ̀ àfi tí dókítà bá ní kí ó fi í sílẹ̀. Ìjọ ṣàmín. Mo ṣì ń lọ rí dókítà títí di báyìí, wọ́n sì ti ṣàlàyé fún mi pé tí mo bá tún lóyún, ó lè padà, kí n tètè sọ fún wọn kí a lè múra sílẹ̀.

Ní January 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin àtijọ́ tí òyìnbó fi lélẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ òfin wèrè. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n tí mo bá gba Májídùn kọjá, níbi tí Ìpínlẹ̀ Èkó ní ibùdó tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n bá rí lójú títì lọ, ọkàn mi máa ń lọ sórí àwọn ẹbí wọn. Òfin kò lè rán ìró àti bùbá.

Tí abiyamọ ilé yín ò bá sùn mọ́, tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, tó ń fura sí ọmọ tàbí sí ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má dúró kí ọ̀sẹ̀ parí. Ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Ẹ fún un lóúnjẹ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín, wọ́n á júwe ibi tó kàn. Ẹ pe pásítọ̀ yín kí ó bá yín lọ, kí ó máa gbàdúrà nínú mọ́tò.

Ẹgbẹ́ wa ti ń bá àwọn míì lọ sí Yábàá báyìí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, arábìnrin kan láti Ìmọ́tà ni. Òun fúnra rẹ̀ ti gbà láti lọ, ọkọ rẹ̀ ti gbà, owó ọkọ̀ sì ti pé. Ìyá tó bí i ló kù, ó ní wọn ò ní fi orúkọ Yábàá ba ọmọ òun jẹ́. Ìyá Ìjọ ti lọ bá a lẹ́ẹ̀kan, ó tún ń lọ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ẹ fi ìyá náà sínú àdúrà fún wa.